Kò Sí Ìta Lọ́dọ̀ Ọlọ́run

Ní Arakale, ní Àkúrẹ́, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, ìró ìgbálẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù á ṣí ilẹ̀kùn, á gbàdúrà díẹ̀ sẹ́nu, á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, á sì bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ ilé bọ̀ níta. Ohun tó ń gbá bọ̀ kì í ju bébà, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ìdérí ìgò ike àti èèpo ọsàn lọ. Bó bá dé etí gọ́tà, ọwọ́ rẹ̀ á yá. Ìgbálẹ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan, á lọ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ á sì ré sínú gọ́tà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹni tó lè pe obìnrin yìí ní ọ̀bùn. Orí ìgbálẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni ọkàn mi dúró sí. Níbo la rò pé ìdọ̀tí lọ nígbà tó kúrò níwájú wa?

Gọ́tà náà kò dópin ní Arakale. Òjò tó bá rọ̀ lọ́sàn-án á gbé ohun inú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò Àlà, odò tó la ìlú Àkúrẹ́ já tó sì ń ṣàn lọ pàdé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ibi tí ọ̀rá bá ti dí ojú omi, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà náà sì lè jẹ́ yàrá ẹnìkan. Létí odò yìí kan náà ni àwọn kan ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ rin ín. Ẹ̀fọ́ náà á padà wá sí ọjà. Obìnrin tó gbálẹ̀ láàárọ̀ lè rà á nírọ̀lẹ́, kó fi se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kó sì gbàdúrà sí oúnjẹ náà kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

N kò kọ èyí láti bá a wí. Àwọn ẹlẹ́sìn wà lára àwọn tó mọ́ jù láàárín wa, ìmọ́tótó wọn kì í sì í ṣe àṣehàn. Ẹ wo Mùsùlùmí tó ń fi búútà ṣe àlùwàlá. Ó lóṣòó, ó tẹ búútà díẹ̀, omi tín-ín-rín bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fín imú, ó bọ́jú, ó fọ apá dé ìgúnpá, ó fi ọwọ́ tútù pa orí, ó fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Títí tó fi ṣe gbogbo rẹ̀ tán, omi ṣì lè ṣẹ́ kù nínú búútà. Hádíìsì Bukhari àti ti Muslim ròyìn pé omi tí Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá jẹ́ ìwọ̀n mudd kan, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ìtàn mìíràn wà nínú àkójọ Ibn Majah: Ànábì bá Sa'd, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà rẹ̀, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó sì kìlọ̀ fún un pé ó ń fi omi ṣòfò. Sa'd béèrè bóyá ìfiṣòfò lè wà nínú àlùwàlá náà. Èsì tó gbà ni pé ó lè wà, kódà kí èèyàn wà létí odò tó ń ṣàn.

Ọ̀rọ̀ etí odò yìí jinlẹ̀. Odò kò lè gbẹ nítorí omi ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan. Kí ló wá dé tí a fi ní kí ẹni tó wà létí rẹ̀ ṣọ́ omi lò? Ohun tó yé mi ni pé ìwọ̀n kò sí lára odò, ara ẹni tó ń bu omi ló wà. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́n omi nìkan ló ń kọ́ wa ní ìṣọ́ra, ọjọ́ tí omi bá pọ̀ ni ìwà wa yóò bàjẹ́. A sì ti rí i. Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wa, ẹnu ẹ̀rọ ti gba ipò búútà. Èèyàn á ṣí i sílẹ̀, á máa kí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á béèrè ara ìyàwó àti ọmọ, omi á sì máa dà lọ. Láti ìgbà tí omi ti ń dà látinú ògiri ni ọwọ́ ti gbàgbé ohun tí búútà kọ́ ọ. Lémọ́ọ̀mù tó bá ní kí wọ́n to búútà mélòó kan padà sẹ́bàá ẹnu ẹ̀rọ kò ṣe ohun kékeré.

Ọjọ́ Sátidé ni tàwọn Kristẹni. Àwọn ìyá ìjọ á kó ìgbálẹ̀ àti garawa wá, wọ́n á nu àga, wọ́n á fọ ilẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ òdòdó iwájú pẹpẹ. Orin ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ náà ṣe, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún wọn. Nínú Bíbélì wọn, ní Diutarónómì orí 23, òfin kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí àlùfáà fi wàásù rí. A ní kí ọmọ ogun tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ jáde kúrò ní àgọ́, kó mú ohun èlò ìgbẹ́lẹ̀ dání, kó gbẹ́ ilẹ̀, kó sì bo ohun tó ti ara rẹ̀ jáde. Ìdí tí ìwé náà fi lélẹ̀ ni pé Ọlọ́run ń rìn láàárín àgọ́ náà. Ẹ gba èyí rò dáadáa. Ọmọ ogun ti jáde kúrò lójú gbogbo èèyàn, ó wà nínú igbó, síbẹ̀ a kò ní kó fi ẹ̀gbin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bò ó.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní tiwọn kò yọ ọjà àti ilẹ̀ kúrò nínú ìjọsìn rí. Ní ìlú Oǹdó, ọba obìnrin tí wọ́n ń pè ní Lọ́bùn ni ètùtù ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń ṣí ọjà tuntun. Ilẹ̀ la fi ń mulẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí tí kì í sùn, tí kì í lọ sí ìdálẹ̀. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ búra mọ̀ pé ohun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun ni òun dúró lé lórí. Báwo ni a ṣe lè pe ohun kan wá jẹ́rìí láàárọ̀, kí a sì da epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí i lójú lọ́sàn-án?

Nínú gbogbo èyí, ohun kan náà ló ń wí fún mi. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run wà níbi gbogbo kò ní ìta tó lè dalẹ̀ sí. Gọ́tà wà níwájú Rẹ̀ bí pẹpẹ ti wà. Ìsàlẹ̀ odò wà níwájú Rẹ̀ bí òkè odò ti wà, ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀ kò sì jìnnà sí I ju ẹni tó ń kírun lórí ẹní lọ. A ti ń sọ ọ́ nínú àdúrà láti kékeré pé kò sí ibi tí èèyàn lè sá gbà tí Ọlọ́run kò ní rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ la máa ń rò nígbà tí a bá ń sọ bẹ́ẹ̀: olè, àgbèrè, irọ́. Kò wá sí wa lọ́kàn pé ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Ìtọ́jú àyíká, lójú tèmi, ni kí èèyàn gba ohun tó ń gbà gbọ́ nínú àdúrà gbọ́ létí gọ́tà pẹ̀lú.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ kan nípa àwọn ìyá wa àtijọ́. Ìwà gbígbálẹ̀ síta tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ kò burú nígbà tiwọn. Ohun tí wọ́n ń gbá ni ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, èèpo iṣu, eérú, ìyàngbò àgbàdo. Ààtàn wà lẹ́yìnkùlé, kì í kọ ilẹ̀, ó sì ń dá ohun tí a fún un padà. Adìyẹ ń tàn níbẹ̀, ewébẹ̀ ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, oko ń gba ọ̀rá ilẹ̀ látibẹ̀. Ìta wọn kì í ṣe ibi ìgbàgbé, ẹnu kan lára ilé ni. Ìgbálẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ kò yí padà. Ohun tí a ń gbá ló yí padà. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ́ wọ́tà kan, ààtàn kò sì lè jẹ ìkankan nínú wọn. Ìwà tó jẹ́ ìmọ́tótó lọ́wọ́ ìyá àgbà di ìpalára lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ṣe ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìwàásù nípa ọ̀bùn lè tún nǹkan ṣe. Àwọn tí à ń wàásù fún kì í ṣe ọ̀bùn.

Agbára pẹ̀lú kò tún un ṣe. Ní 1984, nígbà ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn, wọ́n gbé ìgbógun ti ìwà àìníjàánu kalẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí WAI, ìmọ́tótó àyíká sì wà lára rẹ̀. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìgbálẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Èèyàn gbálẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kó ẹrẹ̀ gọ́tà jáde, wọ́n sì gbé e jókòó sétí gọ́tà náà títí òjò fi kó o padà síbẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nítorí sójà, ìgbà tí sójà bá kọjá ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹni tó gbà pé a ń wo òun nígbà gbogbo, tí ẹni tó ń wò ó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibo ni iṣẹ́ tirẹ̀ yóò parí sí?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òṣogbo díẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, ó tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Kì í ṣe òfin ìjọba ló kọ́kọ́ dá igbó náà sí. Ìgbàgbọ́ ni: pé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í gé igi níbẹ̀. Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbèjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo títí ó fi kú ní 2009. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn agégẹdú. Wọ́n dí ọ̀nà fún àwọn tó ń ta ilẹ̀. Igbó náà dúró. Ṣùgbọ́n odò tó gba inú rẹ̀ kọjá kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń bọ̀ láti òkè, àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà sì ń da ẹrẹ̀ àti oró ohun tí wọ́n fi ń fọ wúrà sínú omi. Odò náà pọ́n. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà mọ́, omi tí obìnrin ti ń bù lọ sílé látayébáyé láti fi tọrọ ọmọ.

Ìtàn yìí dùn mí ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Àwọn olùjọ́sìn Ọ̀ṣun ṣe gbogbo ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn. Wọ́n ya ibi kan sí mímọ́, wọ́n sì pa á mọ́. Àmọ́ omi kò mọ ààlà ibi mímọ́. Fún ẹni tó ń wa wúrà lókè, Òṣogbo ni ìta, bí odò Àlà ti jẹ́ ìta fún Arakale. Kì í sì í ṣe ti oníṣẹ̀ṣe nìkan. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa katakata ìtẹ̀nà nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, gbọ́ ìpè rẹ̀ ní ìtòsí Ìkéjì-Arákeji. Láti ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ omi ìyè ti gbilẹ̀ láàárín àwọn Aládùúrà wa: omi lásán, tí a gbàdúrà sí, láìsí egbòogi. Ìjọ tó fi omi ṣe oògùn kò lè ka bíba odò jẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìjọba lásán. Bí omi bá ti di oró kí àdúrà tó dé orí rẹ̀, kí la ń sọ fún aláìsàn?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà ti ju ìgbálẹ̀ àti búútà lọ, pé àwọn alágbára ló ń ba ayé jẹ́ tí mo sì ń yọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù lẹ́nu. Mo gbà pé àtakò yìí wúwo, ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an ni mo sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀ tó burú jù. Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ, lórí ẹrẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbé. Àpò kan ni wọ́n jọ ń ná. Wọ́n ń pẹja pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi pọ̀, wọ́n la odò sínú ìlú, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà lórí abàtà, wọ́n sì ti ń tan iná mànàmáná láti 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Bí ẹ bá ń wá ìlú tí ìgbàgbọ́ àti ìtọ́jú ibùgbé ti jẹ́ ohun kan ṣoṣo, ìlú náà nìyẹn.

Òkun ń jẹ Ayétòrò lónìí. Ó ti kó ilé, ó ti kó ilé ẹ̀kọ́, ó ti kó ibi tí wọ́n sin àwọn bàbá ìlú sí. Àwọn onímọ̀ tọ́ka sí òkun tó ń ga nítorí ayé tó ń gbóná, wọ́n sì tọ́ka sí epo tí wọ́n ń wà lágbègbè náà. Ìṣọ́ra ará Ayétòrò kò lè dá èyí dúró, nítorí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti wá. Èéfín ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kò dé rí ni. Gbogbo ayé ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ sójú ọ̀run, ojú ọ̀run sì ń sọ ọ́ sílẹ̀ létí Ìlàjẹ. Póòpù Francis kọ nínú ìwé rẹ̀ Laudato Si', èyí tó jáde ní 2015, pé igbe ilẹ̀ ayé àti igbe tálákà kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ méjèèjì pọ̀, kó lọ dúró ní Ayétòrò nígbà tí òkun bá ń ru.

Nítorí náà, ó tọ́ kí ẹlẹ́sìn bá alágbára sọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́ kíkankíkan. Ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú alátakò ni pé kí a fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ títí alágbára yóò fi gbọ́. Hádíìsì kan wà pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ọ̀kan nínú yín pẹ̀lú irúgbìn lọ́wọ́, kó gbìn ín bó bá lè gbìn ín. Ta ni yóò jẹ èso igi náà? Kò sí. Òjìji rẹ̀ kò ní ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Gbogbo èrè tí a lè fi ojú rí ni a ti mú kúrò, gbígbìn nìkan ló kù, a sì ní kó gbìn ín. Mo rí nínú rẹ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí kì í dúró de àbájáde kó tó ní ìtumọ̀. Ohun tí a fi sí wa níkàwọ́ ni ayé, àmánà ni. Ẹni tí a fi ohun sí níkàwọ́ kì í béèrè bóyá àwọn yòókù ń tọ́jú tiwọn kó tó tọ́jú tirẹ̀.

Síbẹ̀, mo ń bẹ̀rù kí a má baà fi ìyẹn ṣe ìtùnú olówó pọ́ọ́kú, kí èèyàn máa gbin igi kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kó ya fọ́tò, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Ìgbó lápá Oǹdó, olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ sì ni, ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú igbó tirẹ̀ ni pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ mọ̀ pé òun wọ ilé onílé. Kò sí igi tó dúró lásán níbẹ̀. Lónìí, a lè wọ igbó Oǹdó pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láìkí ẹnikẹ́ni. Igi kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kò lè san gbèsè yẹn. Ẹ̀rù ọ̀wọ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ padà, ìgbálẹ̀ àti búútà sì wà lára àwọn ibi tí a ti lè tún un kọ́, nítorí ojoojúmọ́ là ń fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní Arakale, mo mọ àwọn tó ti ń fi ìgbálẹ̀ tó kẹ́yìn náà ṣe nǹkan mìíràn. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìdọ̀tí á wọnú rẹ̀, á dúró de ọkọ̀ akólẹ̀. Kò rọrùn fún wọn. Ọkọ̀ náà lè pẹ́, àpò á rùn, oníbàárà á bojú jẹ́. Ọkọ̀ akólẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ọ̀nà Ìgbàtòrò ni ààtàn ìlú Àkúrẹ́ wà, àwọn èèyàn sì ń gbé lápá ibẹ̀, wọ́n ń mí, wọ́n ń fa omi kànga. Bí ìta kò bá sí lóòótọ́, Ìgbàtòrò kì í ṣe ìta. Èyí ló mú mi gbà pé dídín ohun tí à ń dà nù kù ló ṣòro jù, òun náà ló sì yẹ kí ìjọ àti mọ́sálásí kọ́kọ́ fọwọ́ mú, nítorí àwa la máa ń kó èèyàn jọ jù. Ìkórè kan ṣoṣo, wòlíìmọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rá omi àti abọ́ ike tó ń kún ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ṣọ́ọ̀bù kan ń gbá jáde láàárín oṣù lọ.

Ìgbìmọ̀ ìkórè máa ń jókòó kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n máa ń yan ẹni tí yóò rí sí ìlù, ẹni tí yóò rí sí àga, ẹni tí yóò rí sí ọbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ife àti abọ́ tirẹ̀ bọ̀ láti ilé, kí àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín padà sí ewé, kí ìyá ìjọ sì gbé ìkòkò omi tútù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbàlá. Kí wọ́n wá kọ orúkọ ẹnìkan sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ onílù àti ti alásè, tí yóò tẹ̀lé ìyókù ìdọ̀tí dé Ìgbàtòrò, tí yóò sì padà wá ròyìn fún ìjọ ohun tó rí níbẹ̀.